Ohùn Tí Kì í Kí Ènìyàn

Ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n kì bọ Ìbíyẹmí létí kò kí i. Kò sọ pé ó kú ọ̀sán, kò béèrè ará ilé, kò tilẹ̀ húkọ́ bí àlejò ṣe ń húkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Dúró. Ya ẹsẹ̀. Lóṣòó."

Ìbíyẹmí lóṣòó, torí bí kò bá lóṣòó fúnra rẹ̀, awọ kejì tó wọ̀ ni yóò mú un lóṣòó. Awọ náà dúdú, ó fẹ́lẹ́, ó sì lẹ̀ mọ́ ọn lára láti ọrùn títí dé ọrùn ẹsẹ̀. Bí ohùn inú ìlẹ̀kẹ̀ bá ti sọ̀rọ̀, awọ á fún níbi kan, á dẹ̀ níbòmíràn, títí ara ẹni tó wà nínú rẹ̀ yóò fi ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Òkúta kan wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀ tó tóbi tó ewúrẹ́ olóyún.

"Gbé e," ni ohùn náà wí. Àpótí kékeré kan lára ògiri tún un sọ, kí àwọn tó jókòó lè gbọ́.

Ó gbé e. Ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu pé òun lè gbé e. Itan rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ̀yìn rẹ̀ nà gbọnrangandan, òkúta náà sì gòkè wá sí ìbàdí rẹ̀.

"Sọ ọ́ kalẹ̀. Gbé e."

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń rán ènìyàn níṣẹ́ nìyí?" Adérọ̀gbà, bàbá rẹ̀, ló kọjú sí ògiri tó ń bá a jà. "Ẹni tó fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ bá òun gbé òkúta, kò yẹ kó kọ́kọ́ kí i ni?"

"Ohùn kì í kí ènìyàn, bàbá," ni Wúràọlá dáhùn. Òun ni olóǹtẹ̀ tí ìjọba rán wá sórí òkè láti etíkun, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ti lé díẹ̀ ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún. "Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe àwọn Ohùn, wọ́n máa ń kí ènìyàn. Àwọn eléré á sì máa dáhùn. Ẹ gbà mí o, ta ni yóò máa sáré tí yóò tún máa kí ẹ̀rọ, tí yóò máa béèrè àwọn ará ilé rẹ̀?"

"Ọmọ tó bá lẹ́kọ̀ọ́," ni Adérọ̀gbà wí.

Inú Ilé Òǹtẹ̀ ni wọ́n wà, ní téńté Òkè-Ìgbín. Gbogbo eléré tó bá ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún ló gbọ́dọ̀ wá síbẹ̀ láti yan Ohùn kan ṣoṣo tí yóò máa kọ́ ọ bí yóò ṣe yá nílẹ̀ àti bí yóò ṣe lágbára. Ọjọ́ ìkẹyìn lòní. Bí oòrùn bá wọ̀ tí Ìbíyẹmí kò tíì fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ Ohùn kan, kò ní í sáré Ìdíje Etíkun, bẹ́ẹ̀ Ìdíje Etíkun ló ti ń lá lálàá láti ìgbà tí kò tíì lè so okùn bàtà ara rẹ̀.

Ó sọ òkúta kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹrin, Wúràọlá sì yọ ìlẹ̀kẹ̀ náà létí rẹ̀.

"Ìrókò lẹ gbọ́ yẹn," ni ó wí. "Agbára ni tirẹ̀. Tí ó bá yan Ìrókò, kí ọdún tó yípo, Ìbíyẹmí á gbé yín kọ́ èjìká gun òkè yìí, bàbá."

"Ta ló sọ fún un pé ẹsẹ̀ ń dùn mí?"

Ìbíyẹmí bú sẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé itan rẹ̀ kò tíì jáwọ́ nínú gbígbọ̀n. Ó mọ ibi tí agbára òun ti kù díẹ̀ káàtó. Bí wọ́n bá ní kí àwọn eléré gbéra, ìgbésẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ kì í le; àárín ọ̀nà ló ti máa ń lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá. Ìrókò á tún ìyẹn ṣe. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wúwo báyìí bí ẹsẹ̀ ẹni tó jáde nínú ẹrẹ̀, kò sì fẹ́ jẹ́ ẹni tó lágbára ju gbogbo ènìyàn lọ tó sì gba ipò kẹjọ.

"Agbára ni ìyá eré," ni ó wí, ó ń wo bàbá rẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ìyá nìkan kì í dá bímọ," ni Adérọ̀gbà bá a parí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì nìyẹn láti ọjọ́ pípẹ́.

Adérọ̀gbà ló ń tún àwọn ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ orí òkè náà ṣe, àwọn òpó gíga tí apá wọn ń yí tọ̀sán-tòru tí ìlú fi ń rí iná lò. Ariwo ibẹ̀ pọ̀, ó sì ti sọ ọ́ di ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ìyàwó rẹ̀, ní tirẹ̀, bóyá ló ń la ẹnu lẹ́ẹ̀mejì kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn ará àdúgbò máa ń sọ pé ńṣe ni àwọn méjèèjì jọ pín ẹnu, tí ọkọ sì rẹ́ ìyàwó jẹ. Láti ìgbà tí Ìbíyẹmí ti mọ̀ ọ́n rìn ló ti ń sáré tẹ̀lé bàbá rẹ̀ gun àtẹ̀gùn òkúta lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tó ṣe, bàbá so táyà àtijọ́ kan mọ́ ọn nídìí pé kó máa wọ́ ọ gòkè. Kò sí awọ kejì, kò sí ìlẹ̀kẹ̀. Ẹnu Adérọ̀gbà nìkan ló wà lẹ́yìn rẹ̀, tí kì í sinmi: "Gbé orúnkún! Ó tó, dúró kí o mí. Mu omi. Àbí o ò jẹun yó ni? Àtẹ̀gùn tó fọ́ un rèé o. Rọra o, ọmọ mi. Rọra o!"

Ẹnu yẹn ni wọ́n wá fi òǹtẹ̀ lù lónìí. Òfin fàyè gbà á pé kí eléré yan ènìyàn ẹlẹ́ran-ara dípò ẹ̀rọ. Ohùn Ẹlẹ́nu ni wọ́n ń pè é. Kò wọ́pọ̀ mọ́. Adérọ̀gbà ti fá irùngbọ̀n rẹ̀ láàárọ̀, kí òǹtẹ̀ ọ̀fun lè rí ibi jókòó, ọrùn rẹ̀ sì ń dán bí ti ẹyẹ tí wọ́n tu níhùùhú.

Wúràọlá gbé òǹtẹ̀ náà jáde. Kò tóbi ju èékánná lọ, òun ni yóò sì máa gbé ohùn olùkọ́ lọ bá awọ kejì. Kó tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ Adérọ̀gbà lọ́fun, ó wo bàbá, ó wo ọmọ.

"Ṣé ẹ mọ ohun tó rọ̀ mọ́ ọn?"

"Etí kan, ohùn kan," ni Adérọ̀gbà wí, ó ń tọ́ka sí ohun tí wọ́n gbẹ́ sára ìlẹ̀kùn. "Èmi ni n ó máa sọ fún un bí yóò ṣe sáré. Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ sọ ọ́."

"Ìyẹn nìkan kọ́. Ẹni tí òǹtẹ̀ bá wà lọ́fun rẹ̀, olùkọ́ ni. Kì í ṣe ẹbí mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹbí kò gbọdọ̀ jáde láti ẹnu rẹ̀ sí eléré náà fún odindi ọdún mẹ́rin."

"Irú ọ̀rọ̀ ẹbí wo?"

"Ọmọ mi. Oríkì. Àdúrà. Káàbọ̀."

"Káàbọ̀ náà?"

"Káàbọ̀ gan-an, bàbá."

Ìbíyẹmí kò gbọ́ èyí rí. "Bí mo bá wá yan ẹ̀rọ ńkọ́, àǹtí?"

"Bí o bá yan ẹ̀rọ, bàbá rẹ ni bàbá rẹ. Wọ́n lè pè ọ́ lọ́mọ wọn láti àárọ̀ dalẹ́, kò sẹ́ni tí yóò mú wọn. Ọ̀rọ̀ tó bá kan ara rẹ nìkan ni ẹnikẹ́ni nílé kò ní í lè sọ fún ọ, torí ọ̀rọ̀ Ohùn nìyẹn; ìlẹ̀kẹ̀ á gbọ́ ọ, wọn á sì gba eré lọ́wọ́ rẹ. Sáré. Dúró. Jẹun. Sinmi. Sùn. Rọra o."

"Wọn ò ní lè sọ pé kí n jẹun?"

"Ìyá rẹ lè gbé oúnjẹ síwájú rẹ. Kí wọ́n ṣáà má sọ pé kí o jẹ ẹ́."

"Ìyẹn ò ní í ni ìyá rẹ̀ lára," ni Adérọ̀gbà wí. "Èmi ni mo wọ gàù."

Ìbíyẹmí kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. "Ta ló tilẹ̀ gbé irú òfin burúkú yìí kalẹ̀?"

Ó rò pé bàbá rẹ̀ yóò bá òun dá sí i, kí àwọn jọ bú òfin náà délé. Ṣùgbọ́n Adérọ̀gbà mi orí. "Má bú u. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe é. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó ń jẹ́ Ṣówándé, a jọ ń fò sókè ni, òun ló mọ̀ ọ́n ju èmi lọ. Ó fi Ohùn méjì sétí, ó ní òun fẹ́ yá kíákíá. Ọjọ́ kan ọ̀kan ní kó tì, èkejì ní kó dẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú kan náà. Awọ fà á síhìn-ín, ó fà á sọ́hùn-ún. Egungun itan rẹ̀ dún. Láti orí ìjókòó ni a ti gbọ́ ọ." Ó fọwọ́ pa àgbọ̀n rẹ̀ tí kò ní irùngbọ̀n mọ́. "Kò rìn dáadáa mọ́ títí ó fi kú."

Ìgbà tó yá ni Wúràọlá sọ pé kí wọ́n dán Ohùn Ẹlẹ́nu wò ná, wọn kò tíì so ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Ó lẹ òǹtẹ̀ mọ́ Adérọ̀gbà lọ́fun, gbogbo wọn sì jáde sí pápá.

Pápá náà yí àwọn òpó afẹ́fẹ́ po, ilẹ̀ rẹ̀ pupa, ó tẹ́jú. Oòrùn ti yẹ̀ sápá ìwọ̀-oòrùn. Agbọ̀n tó ń fi wáyà gbé ènìyàn gòkè ń kọjá lọ lókè wọn. Bàbá àti ọmọ kì í wọ̀ ọ́, torí Adérọ̀gbà gbà pé ẹni tó bá fi agbọ̀n gòkè wá sáré, olè ló ń ṣe.

"Ó yá, olùkọ́," ni Wúràọlá wí.

Adérọ̀gbà na ara rẹ̀ tán. "Ìbíyẹmí," ni ó wí.

Ó ṣe ọmọ náà bákan. Bàbá rẹ̀ kì í dárúkọ rẹ̀ lásán bẹ́ẹ̀ àyàfi bó bá ti fọ́ nǹkan.

"Lọ sídìí ìlà. Gbé orúnkún. Fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀ sẹ́yìn, má fi gbá a. Sáré."

Ó sáré lọ, ó sáré bọ̀. Nígbà tó dúró, tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ojú Adérọ̀gbà ti kún fún ayọ̀. "O káre, ọmọ..."

Òǹtẹ̀ ọ̀fun ké bí ẹ̀fọn tí wọ́n há mọ́nú ìgò.

"O káre dáa," ni Wúràọlá wí. "Èyí tó tẹ̀lé e ni kò dáa."

"Ẹ jẹ́ n tún un ṣe."

Ó tún un ṣe. Ó rán an padà sídìí ìlà, ó sọ ohun tó ku díẹ̀ káàtó nínú ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, ó ní kó tẹ orí síwájú sí i, ó ní kó sáré. Kò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un. Nígbà tí Ìbíyẹmí padà dé, ó ní, "Ó sàn ju ti àkọ́kọ́. Sinmi." Òǹtẹ̀ kò dún. Òógùn ń ṣàn wọ ojú ọmọ náà. Bàbá rẹ̀ gbé ọwọ́ láti nù ún bí ó ti máa ń ṣe, ó rántí, ó sì fi ọwọ́ náà sápò.

Ohun tó bà á nínú jẹ́ nìyí: bàbá rẹ̀ lè ṣe é. Ó ti rò pé kò ní í ṣeé ṣe, pé ẹnu tí kì í dúró yẹn á tú u fó, àwọn á sì jọ fi ṣẹ̀fẹ̀ lọ sílé. Ṣùgbọ́n Adérọ̀gbà fẹ́ràn rẹ̀ débi pé yóò sọ ara rẹ̀ di àjèjì sí i fún ọdún mẹ́rin, kò sì ní í ṣàṣìṣe. Ìbíyẹmí ní kí àǹtí bọ èyí tó kù sí òun létí kí òun dán an wò.

Mànàmáná ni orúkọ èyí tó kù, eré ni tirẹ̀. Òun náà kò kí i.

"Mí," ni ó wí. "Tún mí. Gbéra."

Ìbíyẹmí gbéra, ilẹ̀ sì sá lábẹ́ rẹ̀. Kò mọ bí yóò ṣe sọ ọ́ bí wọ́n bá bi í. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ tó máa ń rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù ni awọ kejì gbá mú tó sì tì, èkejì tẹ̀lé e, ẹ̀kẹta, apá rẹ̀ ń já afẹ́fẹ́, Ohùn náà sì ń sọ díẹ̀díẹ̀ sí i létí: "Orúnkún. Dẹ èjìká. Orúnkún." Kò pariwo, kò sì fi ọ̀rọ̀ kankan ṣòfò. Láàárín ìgbà díẹ̀ yẹn, inú rẹ̀ dùn débi pé ojú tì í, bí ẹni tó ń jẹ ẹran tí wọ́n ní kó fi pamọ́ fún bàbá.

Ó dé ibi tí ọ̀nà ti yí nídìí òpó kẹta. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Adérọ̀gbà ti fọ apá ẹ̀rọ ibẹ̀, omi sì ti ṣàn sílẹ̀, ó ti sọ ilẹ̀ pupa di ẹrẹ̀ tó ń yọ̀. Mànàmáná kò mọ̀. Ẹni tó da omi náà ló mọ̀.

"Rọra o!" Igbe náà la gbogbo pápá já. "Rọra o, ọmọ mi!"

Òǹtẹ̀ ṣì wà lọ́fun Adérọ̀gbà, ó sì ké. Kò sẹ́ni tó rántí yọ ọ́. "Tì," ni Mànàmáná wí. Awọ kejì gbọ́ méjèèjì. Ó tì, ó tún fà sẹ́yìn, iná kan sì là kọjá nínú itan Ìbíyẹmí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó fò sókè, ó sì jókòó sínú ẹrẹ̀ gbàà.

Bọ́mọdé bá ṣubú, a máa wo iwájú. Ó wo iwájú, ó sì rí bàbá rẹ̀ tó ń sáré bọ̀, ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, bàtà rẹ̀ kan ti bọ́ sílẹ̀.

"Ohùn kejì," ni ìlẹ̀kẹ̀ ń wí sí i létí. "Ohùn kejì. Ohùn kejì."

Adérọ̀gbà kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó di itan ọmọ rẹ̀ mú, ó ń tẹ̀ ẹ́ láti òkè délẹ̀.

"Kò ṣẹ́, Bàámi. Ó kàn ta mí ni."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú. Omi ló yọ̀ mí."

"Omi ni, tàbí èmi." Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Mi ò mọ èyí tó gbé ọ ṣubú nínú wa, n kò sì ní í mọ̀ ọ́n láéláé."

Wúràọlá náà ti dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ojú rẹ̀ le, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kó le. "Bàbá, ẹ ti rú òfin. Ẹ̀rọ ti gbọ́ ohùn kejì. Bí mo bá kọ ọ́ báyìí, wọn ò ní í lù ú ní òǹtẹ̀ lọ́dún yìí."

"Kí ni mo sọ? 'Rọra o' ni mo sọ. Ìkíni ni! Létíkun tiyín, kí ni ẹ̀ ń sọ fún ẹni tó fẹ́ ṣubú?"

"Òfin kò mọ ìkíni. Àṣẹ ni 'rọra o' lójú òfin, bàbá, ẹ má jẹ́ ká jọ jà sí i. Ẹni tó bá ní eléré nílé gbọ́dọ̀ lè kó ẹnu rẹ̀ níjàánu. Èmi náà ní àbúrò tó ń sáré, odindi ọdún mẹ́rin ni mo fi ń bá a gbélé, n kò..." Ìbíyẹmí ti fi ọwọ́ tilẹ̀, ó ń gbìyànjú láti dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tún yọ̀. Ọwọ́ Wúràọlá na jáde fúnra rẹ̀. "Yéè! Pẹ̀lẹ́, rọra o, rọra dìde."

"Ohùn kẹta," ni ìlẹ̀kẹ̀ wí, àpótí tó wà lára ògiri Ilé Òǹtẹ̀ sì gbé e jáde kí gbogbo òkè gbọ́: "Ohùn kẹta. Ohùn kẹta."

Wúràọlá bo ẹnu rẹ̀ bí ọmọdé tó sọ òkò lu wíńdò.

"Wọ́n ní pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo," ni Adérọ̀gbà wí jẹ́jẹ́. "Olóǹtẹ̀, èwo ni tiyín?"

Ìbíyẹmí ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀ tẹ̀lé e, nígbà tó sì yá, olóǹtẹ̀ tí ìjọba rán wá láti etíkun tẹ̀ síwájú, ó di ikùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Ó yọ òǹtẹ̀ kúrò lọ́fun Adérọ̀gbà. Ó ní ìdánwò tí olóǹtẹ̀ fúnra rẹ̀ bá ti la ẹnu sí, ìdánwò kọ́ nìyẹn mọ́. Òun yóò pa á rẹ́, ti bàbá àti ti òun. "Ṣùgbọ́n oòrùn ò ní í dúró dè wá," ni ó wí, ó ń nu ojú. "Ìbíyẹmí, o gbọ́dọ̀ sọ ọ́ báyìí."

Oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orí igi nísàlẹ̀. Ìbíyẹmí wo bàbá rẹ̀. Ẹrẹ̀ wà lórúnkún rẹ̀ méjèèjì, ọrùn rẹ̀ tó fá sì pọ́n níbi tí wọ́n ti yọ òǹtẹ̀.

"Èyí tó o bá mú ni mo mú," ni Adérọ̀gbà wí. "Bí ó bá jẹ́ èmi, o ti rí i pé mo lè ṣe é. N ó ṣe é dáadáa. Mi ò ní í ṣèèṣì pè ọ́ lọ́mọ mi."

"Mo rí i, Bàámi. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn."

"Kí ló wá dé?"

"Ẹ̀rọ lè kọ́ mi ní eré. Ó tilẹ̀ mọ̀ ọ́n kọ́, n kò ní í purọ́ fún yín, ẹ má bínú." Ohùn rẹ̀ fẹ́ já, ó fà á padà. "Ṣùgbọ́n bí mo bá dé ilé lọ́jọ́ tí mo pàdánù ìdíje, ta ni yóò pè mí lọ́mọ òun? Màámi kò ní í sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin nìkan ni mo ní tó ń sọ ọ́. N kò lè fi ìyẹn sọ́wọ́ òfin fún ọdún mẹ́rin. N kò lè gbé e."

Adérọ̀gbà na ọwọ́, ó nu òógùn kúrò lójú ọmọ rẹ̀.

Ìbíyẹmí yí sí olóǹtẹ̀. "Mànàmáná," ni ó wí, ó sọ ọ́ ketekete. Ìlẹ̀kẹ̀ inú etí rẹ̀ gbóná fún ìṣẹ́jú akàn, ó sì tutù. Wọ́n ti lù ú ní òǹtẹ̀.

Wọ́n fi àtẹ̀gùn òkúta sọ̀kalẹ̀, bí wọ́n ti máa ń ṣe, ọmọ níwájú, bàbá lẹ́yìn. Ìrọ̀lẹ́ ti ń wọlé. Adérọ̀gbà ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n fún ní ọ̀rọ̀ kan lọ́fẹ̀ẹ́ tó sì fẹ́ ná an tán lójijì. "Ọmọ mi, o gbọ́ bí ẹ̀rọ kẹta yẹn ṣe ń dún bí ẹni tí òtútù mú? Ọmọ mi, ẹ̀wà ni ìyá rẹ sè. Ọmọ mi, ewúrẹ́ àwọn ará ìsàlẹ̀ tún ti wọ oko wa." Ó fẹ́ béèrè bóyá itan náà ṣì ń dùn ún, ó la ẹnu, ó rò ó wò, ó sì padà sórí ọ̀rọ̀ ewúrẹ́.

Ìbíyẹmí ń dá a lóhùn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún díẹ̀ níbi tí bàbá rẹ̀ kò ti lè rí i. Ó dà bíi pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ju bó ṣe rò lọ. Kò rántí àtẹ̀gùn tó fọ́ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún fi wà lófuurufú, tó ń bọ̀ wá sílẹ̀ sórí rẹ̀.

Ó gbọ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe fa èémí lẹ́yìn rẹ̀. Ó mọ ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ náà mọ̀ ọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná sí i létí, ó ń dúró dè é.

Adérọ̀gbà pa ẹnu dé. Ó tún un là.

"Ọmọ mi," ni ó wí.

Kò sọ ọ́ bí ó ṣe ń sọ ọ́ láti òkè wá. Ó fà á, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kò gbé e sókè, kò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń sọ "rọra o" lórí àtẹ̀gùn kan náà yẹn láti ìgbà tí Ìbíyẹmí ti mọ̀ ọ́n rìn. Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n bá ti fi dò, re, mí kọ́ mọ̀ pé ohùn kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì: re, re, re.

Ìlẹ̀kẹ̀ náà tú ọ̀rọ̀ yìí wò títí, kò rí nǹkan kan mú nínú rẹ̀. Ó tutù.

Ìbíyẹmí fa ẹsẹ̀ rẹ̀ padà, ó wá ibi tó le lórí òkúta, ó sì gbé e lé e.

"Mo gbọ́, Bàámi," ni ó wí.